Àyẹ̀wò Korantema

Ní Sálẹ́mù, àdúgbò àwọn Kristẹni tó wà lókè ìlú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó ṣèrìbọmi fún un. Ẹni tó bá kùnà nínú ẹ̀kẹta, wọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, á sì di ẹrù rẹ̀ padà sísàlẹ̀ ìlú. Korantema ti yege lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀la, ọjọ́ Àìkú, ni ti ẹ̀kẹta, ara sì ń fu Alàgbà Bekoe sí i.

Bekoe lolórí àwọn tó ń yẹni wò. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi gbogbo èèyàn: "Ìgbàgbọ́ tìẹ yìí, ṣé ó ní gbòǹgbò, àbí ó kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ lóréfèé?" Kó tó bèèrè, á wúkọ́, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Àwọn ọmọléèwé máa ń sín in jẹ. Ó ti tó ọdún méje tí ikọ́ náà ti dè é mọ́lẹ̀, kò sì lo oògùn kankan sí i. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé Olúwa nìkan lòun fi í lé lọ́wọ́.

Ọmọ Ntow ni Korantema, Ntow afọ́jú tó ń tọ́jú ojúbọ odò. Ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí ló fi í sílẹ̀ tó wá ń kọrin ìyìn ní Sálẹ́mù. Bekoe ò gbà pé ó lè rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, ó pàdé ọmọbìnrin náà lójú ọ̀nà. Abọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó.

"Ẹ káàsán, bàbá."

"Káàsán. Níbo lò ń lọ?"

"Ìsàlẹ̀ odò ni, bàbá."

"Tìwọ ti abọ́ bíbò?"

Korantema rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjá. Àyà Bekoe já. Ó sáré wọlé lọ mú ọ̀pá rẹ̀. Akua, ìyàwó rẹ̀, ń gún fùfú lẹ́yìnkùlé.

"Ọmọ Ntow ti padà sídìí òrìṣà! Mo fojú ara mi rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba Asiedu, ẹ fọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ejò tó ń kó ẹyin adìẹ wa jẹ ni kẹ́ ẹ bá mi wá. Mẹ́ta ló tún dàwátì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ejò tó wà nínú ìjọ ná."

Kí Bekoe tó jáde padà sójú ọ̀nà, Korantema ti pòórá. Lábẹ́ igi ìrókò, ọ̀nà pín sí mẹ́ta. Bekoe yà sí ti àárín, kò dúró. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé odò, ó bọ́ bàtà, ó fi há abíyá. Ajá Ntow gbórí sókè, ó wò ó, ó sì dùbúlẹ̀ padà.

Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Òfin ibẹ̀ ni pé àlejò kì í lanu sọ̀rọ̀. Ohun tó bá mú wá, á gbé e kalẹ̀, á sì máa lọ. Korantema kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ṣí abọ́ náà. Ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Inú bí Bekoe débi pé ikọ́ gbé e; ó yáa fọwọ́ bo ẹnu. Ntow yíjú síbi tó wà. Bekoe ò dúró wo ìyókù.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó rojọ́ níwájú Àlùfáà Yirenkyi àtàwọn alàgbà tó kù.

"Ẹyin! Aṣọ funfun! Lórí ìkúnlẹ̀! Kí la tún ń wá?"

"Ṣé òótọ́ ni, Korantema?" Àlùfáà bi í.

"Òótọ́ ni, bàbá. Oúnjẹ ni mo gbé lọ fún bàbá mi. Ojú wọn ò ríran, kò sì sẹ́ni tó ń se fún wọn. Mo kúnlẹ̀ torí pé bàbá mi ni wọ́n." Omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹ má lé mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní ibòmíì tí mo fẹ́ wà."

"Kí ló dé tó ò fi sọ fún wa?"

"Bàbá mi ni wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń wá síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á pọ̀."

"Ẹ ò rí irọ́ bí!" Bekoe bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ pe bàbá náà wá," ni Àlùfáà wí.

Alàgbà kan fò dìde. "Olórìṣà, nínú Sálẹ́mù?"

"Ẹ jẹ́ kó wá," ni Bekoe dáhùn, ara rẹ̀ balẹ̀. "Afọ́jú tí kò rí nǹkan kan, kí ló fẹ́ jẹ́rìí sí?"

Korantema ló fọ̀pá fa bàbá rẹ̀ wọlé. Ajá wọn tẹ̀ lé wọn, ó wo gbogbo ilé yí ká, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ Bekoe. Bekoe fẹsẹ̀ tì í. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì wúkọ́, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn.

"Ntow, kí ni ọmọ rẹ ń wá ṣe lójúbọ?"

Ojú bàbá náà tàn, ó na ọwọ́ méjèèjì síbi tí ohùn ti wá, ó ní, "Háà, àlejò ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé ẹ̀yin náà wà níbí, pẹ̀lú gbogbo ẹyin mẹ́ta-mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ń gbé wá fún odò látìgbà tójú mi ti fọ́, ikọ́ yìí ò ì tíì lọ ni?"