Ìdọ̀bálẹ̀ Gbádébọ̀

Níbi ìdána orí íńtánẹ́ẹ̀tì, Gbádébọ̀ tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá rẹ̀, àwòrán tó ń ṣojú rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú kọ̀ǹpútà àwọn òbí Wúràọlá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní Ìkàrẹ́. Títẹ̀ kejì ló yẹ kó gbé e dìde, bí àna bá ti yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n máòsì rẹ̀ ń ka ẹyọ kan sí méjì, àwòrán náà sì fò dìde lójú ẹsẹ̀.

“Ta ló ní kó dìde?” Bàbá Wúràọlá fajú ro. “Ṣé iná wà nílẹ̀ ilé mi ni? Tó bá tún dán an wò, kó wá ìyàwó síbòmíràn.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, máòsì ni.”

“Máòsì ló tọ́ ọ dàgbà?”

Gbádébọ̀ fẹ́ eruku ara máòsì kúrò, ó pààrọ̀ bátìrì, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwòrán dọ̀bálẹ̀, kò mira. Kó má baà tún dìde, ó sáré yọ bátìrì. Bátìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

“Ó tó, dìde.”

Gbádébọ̀ ti rá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń fi ìgbálẹ̀ wá bátìrì.

“Mo ní o dìde, ọkọ ọmọ mi.”

Àwòrán ṣì dojú bolẹ̀.

Bàbá Wúràọlá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ yanjú! Ẹ gbé obì wá.”