Tọkọtaya Tí Wọ́n Jọ Jáde Nílé, Tí Wọn Ò Jọ Padà

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí títí dé ìlà tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń gbèrò ìrìn àjò. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ má fò ó.

1.
Ọkùnrin kan jẹ́ ọ̀gá ní ibùdókọ̀. Òun ló máa ń sọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan máa gbéra, bí awakọ̀ bá sì pẹ́ díẹ̀, ara ẹ̀ ò ní balẹ̀. Àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ó-Ti-Yá. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, orí ìdúró ló máa ń wà. Bó bá délé, á gbé ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù, á sì sùn lọ lórí àga pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Nígbà tí àwọn ìbejì wọn wọ yunifásítì, wọ́n pinnu pé àwọn máa lọ sókè òkun fún oṣù kan gbáko.

Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká lọ síbì kan ṣoṣo. Ilé kékeré kan létí omi. Mo fẹ́ sùn títí oorun á fi sú mi."

Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. "Ká fò jìnnà tó báyẹn ká lọ sùn? Orílẹ̀-èdè mẹ́ta la máa rí! Fi sílẹ̀ fún mi, ìwọ ṣáà ti di ẹrù."

Àbúrò ìyàwó, tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, bẹ ọkọ pé kó jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá wọn yẹ ètò náà wò. Ọkọ ní, "Èmi tí mò ń dá bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún odindi ìlú, ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní ìrìn?" Ó lẹ àwòrán ilẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń fi okùn pupa so ìlú mọ́ ìlú. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, okùn yẹn á ti gùn sí i. Ìyàwó á wò ó, á mí kanlẹ̀, á wọ yàrá lọ. Kò ní agbára àtijiyàn.

2.
Wọ́n lọ lóòótọ́. Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ ti jí rí tí ẹ ò mọ ìlú tí ẹ wà? Bó ṣe ń ṣe wọ́n nìyẹn. Kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tan iná balùwẹ̀, wọ́n ti tún kó ẹrù. Ọkọ á máa lọ níwájú, ó so àpò kékeré tí ìwé ìrìnnà àwọn méjèèjì wà nínú ẹ̀ mọ́ ìbàdí. Ó ní ìyàwó òun máa ń gbàgbé nǹkan. Ìyàwó á máa wọ́ àpótí tí táyà ẹ̀ kan ti yọ bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá jókòó, ọkọ á ní, "Ó ti yá!" Bó bá ní kóun mu omi, "Ó ti yá!"

Ní ìlú kan, wọ́n wọ̀ sí ilé ìtura kékeré tí opó àgbàlagbà kan ń bójú tó. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ obìnrin náà ti wú, kò wọ bàtà mọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi níbí. Mi ò lè mọ́."

"Bọ́ọ̀sì máa lọ! Mo ti gba ìjókòó sílẹ̀."

"Kó máa lọ."

"Ṣé o fẹ́ ba ètò wa jẹ́ ni?"

"Ètò yín ni. Ẹ ò bi mí."

Inú bí ọkùnrin náà. Ó gbé àpótí tiẹ̀. "Mò ń lọ o. Bára ẹ bá yá, wá bá mi lọ́hùn-ún." Ó rò pé kóun tó dé ibùdókọ̀, ìyàwó òun á ti máa sáré tẹ̀ lé òun. Obìnrin náà ò sáré. Ọkọ wọ bọ́ọ̀sì, kò wẹ̀yìn.

3.
Ní ẹnubodè orílẹ̀-èdè kejì, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ẹ̀, ó sọdá. Ìgbà tó ń dá a padà sínú àpò lọwọ́ ẹ̀ kan ìwé kejì. Ti ìyàwó ẹ̀ ni. Ó sáré padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n padà. Ìyàwó mi wà lọ́hùn-ún, ìwé ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Aṣọ́bodè wo físà ẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èyí lè mú yín wọlé. Ẹ ti wọlé, ẹ sì ti jáde. Ó parí." Ó wá tẹjú mọ́ ọn. "Níbo lobìnrin yìí wà? Kí ni ìwé ẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ yín?"

Wọ́n mú un wọ yàrá kan tí kò ní fèrèsé, wọ́n ń bi í léèrè bí ẹni ń bi ajínigbé. Ìgbà tí wọ́n pe ilé ìtura, tí wọ́n gbóhùn ìyàwó ẹ̀, ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n gba ìwé ìyàwó náà, wọ́n ní ọwọ́ ìjọba ni wọ́n máa gbà fi ránṣẹ́ sí i.

Ọkọ pè é. "Ìyá Ìbejì..."

"Ẹ mú ìwé mi lọ?"

"Mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Mo ṣe bí..."

Obìnrin náà ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí." Ó pa fóònù.

4.
Ìwé náà há sáàárín ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì. Ọkọ nìkan ló padà sílé. Ìyàwó wà lọ́dọ̀ opó yẹn, ó ń bá a ká aṣọ ibùsùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ wíwú lọ tò sórí ìlà ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn, wọ́n ń ní kó lọ kó bọ̀. Níbi tó ti ń lọ tó ń bọ̀ ni físà ẹ̀ ti tán. Kí wọ́n tó fún un níwèé tó máa fi dé ilé, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé, torí físà ẹ̀ ti tán kó tó kúrò, kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ àwọn mọ́. Ìsinmi tí ọsibítù fún un ti tán tipẹ́. Ipò olórí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣèlérí fún un, ẹlòmíì ló jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ tó dé, ọkọ kúnlẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú lójú gbogbo èèyàn.

"Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, Bàbá Ìbejì. Ẹ dìde. Mi ò bá yín jà. Mi ò kàn lè máa tẹ̀ lé yín mọ́ ni."

Ó wọ ọkọ̀ àbúrò ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò náà ló ń gbé dòní. Lọ́jọ́ Sunday, ọkọ á ra ọsàn, á lọ síbẹ̀. Àbúrò á ní, "Wọ́n ń sùn o." Ọkọ á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa dúró. Nígbà míì, á dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì gbé ọsàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fúnra yín ṣètò ìrìn àjò, ẹ jọ ṣe é. Kí kálukú mú ìwé tiẹ̀ dání. Ẹ má fi ìbínú fi ẹnìkejì yín sílẹ̀ nílẹ̀ àjèjì, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí tọkọtaya tí ẹ bá mọ̀. Bí ẹni tí ẹ jọ ń rìn bá sì sọ pé ó rẹ òun, ẹ gbà á gbọ́ nígbà àkọ́kọ́ tó bá sọ ọ́. Ó lè má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.