Òfin Méjì Lórí Ilẹ̀kùn Kan

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó sì yẹ kó ba ẹ̀yin náà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni ò lè bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń kọ òfin fún kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń di oògùn sínú páálí. Má-kọ́-mi ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí èèyàn bá ti lanu. Ó mọṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Òun ló ṣe é tí ilẹ̀kùn irin yàrá ìdipáálí fi ń gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Òfin tó kọ́kọ́ kọ ò le: bí èéfín bá wọ yàrá, ṣí ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, oògùn ń pòórá, ọ̀gá ń pariwo. Má-kọ́-mi bá fi òfin mìíràn sí i: bí ẹnikẹ́ni bá fi agbára taari ilẹ̀kùn, olè ni, tì í pa. Ó kọ ọ́ sókè òfin èéfín. Bẹ́ẹ̀, láti òkè ni kọ̀ǹpútà yẹn ti ń kà wá sísàlẹ̀. Òfin tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ló máa tẹ̀ lé, kò ní wo ìyókù mọ́.

2.
Ìyá Ìbejì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wò ó, ó mi orí.

"Àbúrò, nínú òfin méjèèjì yìí, èwo ni ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n báwo, mà?"

"Bí èéfín bá dé, tí èèyàn sì ń taari ilẹ̀kùn, èwo ni kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé? Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Kọ ìlà kan sí i, pé òfin èéfín ló jù."

Má-kọ́-mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ má kọ́ mi, mà. Olè wo ló máa wá jalè nínú èéfín? Méjèèjì ò lè pàdé láéláé."

Ìlà kan péré o! Kò kọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ balẹ̀ débi pé ó bá àbúrò rẹ̀ obìnrin wáṣẹ́ sí yàrá náà gan-an.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń lẹ páálí gbiná. Kí èéfín tó dé òkè àjà níbi tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ wà, àwọn òṣìṣẹ́ ti sáré lọ taari ilẹ̀kùn. Ẹ dákun, ta ló máa rí iná tí kò ní taari ilẹ̀kùn? Kọ̀ǹpútà pè wọ́n lólè, ó tì í pa. Nígbà tí èéfín dé òkè, ọwọ́ ṣì wà lára ilẹ̀kùn, kọ̀ǹpútà ò sì ka òfin èéfín rárá.

Ìyá Ìbejì sáré lọ sí ọ́fíìsì lókè láti pa òfin olè rẹ́. Má-kọ́-mi dúró níta níwájú ilẹ̀kùn irin, ó ń pariwo: "Àbúrò mi, má taari ẹ̀ mọ́! Fọwọ́ sílẹ̀!"

Irin náà nípọn, ohùn rẹ̀ ò wọlé. Ó ń gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń taari rẹ̀ nínú, gbì, gbì, gbì. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ilẹ̀kùn bá rọra ṣí fúnra rẹ̀: kò sí ọwọ́ lára rẹ̀ mọ́, òfin èéfín ló kù. Ìyá Ìbejì ò tíì dé òkè.

Àbúrò rẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kò mí mọ́.

4.
Fèrèsé ẹ̀yìn ni àwọn yòókù fọ́ tí wọ́n fi bọ́. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún Má-kọ́-mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀:

"A pè é, pé kó jẹ́ ká lọ. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe ilẹ̀kùn yìí. Bí mo bá ń taari ẹ̀, ó máa ṣí.'"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá ń ṣòfin, ìbáà ṣe fún kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe fún ilé yín, ẹ sọ èyí tó jù kí ọjọ́ burúkú tó dé. Bí ẹnìkan bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ gbọ́, ẹ má fi ẹ̀rín dá a lóhùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.