Nọ́ọ̀sì Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Ń Bá Pàtẹ́wọ́

Ọ̀lẹ ni nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọ̀lẹ ẹlẹ́nu dídùn. Iṣẹ́ yòówù kí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, "Kò tó nǹkan" ni yóò wí. Kò-tó-nǹkan náà ni wọ́n sì ń pè é.

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, ibẹ̀ ló bímọ sí. Baba ò tíì fojú kan ọmọ. Ọsibítù kan níbẹ̀ ṣetán láti gbà á síṣẹ́, bó bá ti lè yege ìdánwò èdè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń ṣe é.

Orí fóònù ni olùkọ́ ti ń kọ́ ọ. Bí olùkọ́ bá pe ọ̀rọ̀ ìṣe kan, akẹ́kọ̀ọ́ á fi àtẹ́wọ́ gé e sí sílébù, á sì pa ọwọ́ gidi níbi tí ohùn bá ti wúwo. "Ca-mi-NA-ban", ìyẹn "wọ́n ń rìn": pẹ́, pẹ́, PÁÀ, pẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe! Ó gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, télọ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, pé kó máa bá òun pàtẹ́wọ́. Òun nà gbọọrọ sórí àga, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ ò rí wọn, kò mọ ọwọ́ ẹni tó ń dún.

"Àbúrò mi, ṣé èmi ni mò ń lọ bá ìyàwó ni?"

"Ẹ má dààmú, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tó nǹkan."

"Ó máa tó nǹkan lọ́jọ́ ìdánwò o!"

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó sunkún, àbúrò kọ etí ikún sí i. Obìnrin náà ìbá kọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á pé bí olùkọ́ bá lé àbúrò òun, ọmọ yẹn á dàgbà láìmọ baba rẹ̀. Kí ni kó ṣe?

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Lọ́jọ́ ìdánwò, olùdánwò yọjú lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́yìn fèrèsé. Wọ́n ní kí Kò-tó-nǹkan gé "caminaban". Ó pàtẹ́wọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó pa mẹ́fà. Wọ́n béèrè ibi tí ohùn ti wúwo, òógùn bò ó. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ bó bá pàtẹ́wọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á fagi lé ìdánwò náà. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, ó ń sunkún.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìyàwó pè é láìpẹ́. "Bàbá ọmọ mi, wọ́n ti fún ẹlòmíràn níṣẹ́ náà." Kò-tó-nǹkan ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ ń ké "bàbá, bàbá" sí ọkùnrin aládùúgbò kan tó wọlé wá kí wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó fẹ́ràn wa lè bá wa gbé ẹrù, kò lè bá wa mọ̀wé. Ohun tí wọ́n máa bi wá léèrè, ẹ jẹ́ ká fi ara wa kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bá ọ̀lẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀ nítorí àánú, ẹ ṣọ́ra: àánú yín kò ní lè bá a wọ yàrá ìdánwò.