Omi Ìwẹ̀ láti Iléṣà dé Tòróńtò

Mo kí yín, ẹ̀yin olùfẹ́; ọpẹ́ ni fún Olúwa tó sún ayé mọ́ra.

Ìbídùn pe ìyá rẹ̀, Fadékẹ́mi, láti Tòróńtò: "Màámi, láti àná ni ọmọ tuntun mi ti ń ké. Ẹ̀rù ń bà mí láti wẹ̀ ẹ́."

Fadékẹ́mi rọ àgbo ìwẹ̀ sínú fúláàsì ní Iléṣà, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú ayé tuntun tó ń fi ogún ìṣẹ́jú péré dé Tòróńtò. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bí Ìbídùn sí Lọ́ńdọ̀nù, kò tíì sí irú ọkọ̀ yìí; fọ́tò nìkan ni ìyá tirẹ̀ fi mọ ọmọ náà, títí ìyá náà fi sùn nínú Olúwa.

Omi ṣì gbóná nígbà tó débẹ̀. Ó wẹ ọmọ, ó fi òrí pa á lára, ó jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ sùn. Fadékẹ́mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

"Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, Màámi."

"Iyán mi ò tíì tutù nílé. Ìwọ náà lọ sùn, mò ń bọ̀ lọ́la."

Ọ̀nà kò ní jìn láàrin ìwọ àti ẹni tí ẹkún rẹ kàn. Àmín.