Mojeed Yọ́ Lọ Sílé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, kódà bí iṣẹ́ bá wà lọ́rùn yín. Ẹ̀yin tó máa ń nira fún láti sọ pé "kò yé mi," ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1.

Ọ̀kadà ni Mojeed fi ń gbé ẹrù oníbàárà kiri láti Ketu. Ikosi, Ifákọ̀, Mile 12, kò sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Ó sì máa ń fọ́nnu: "Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, ẹ lọ já mi sílẹ̀ níbikíbi ní Kosofe, màá délé kí ẹ tó dé!"

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹrù lọ sí Gbàgádà, ó bá àwọn kan tí wọ́n ń sáré kiri pápá tàwọn ti máàpù lọ́wọ́. Wọ́n ní orienteering lorúkọ eré náà. Wọ́n á so àsìá kéékèèké káàkiri inú igbó, wọ́n á fún ọ ní máàpù àti kọ́ńpáàsì. Ẹni tó bá rí gbogbo àsìá náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, tó sì kọ́kọ́ padà dé, òun ló jáwé olúborí.

Mojeed rẹ́rìn-ín. "Èyí náà ni wọ́n ń kọ́ èèyàn?" Ojú ẹsẹ̀ ló dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn.

2.

Aunty Adédiwúrà ló ń kọ́ àwọn tuntun. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí máàpù títí á fi bá ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé mu. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa rìn, kí wọ́n má tíì sáré, kí àtàǹpàkò wọn sì máa wà níbi tí wọ́n dé lórí máàpù. Fóònù ni Mojeed ń tẹ ní tiẹ̀.

"Ẹ gbọ́ eléyìí o," Aunty wí. "Ẹ rí àsìá o, ẹ ò rí i o, bó bá tiẹ̀ sú yín lágbedeméjì, ẹ gbọ́dọ̀ wá fojú hàn mí níbi tí eré ti ń parí. Ẹni tí mi ò bá rí, inú igbó ni màá gbà pé ó wà."

"Aunty, ẹ fọkàn balẹ̀," Mojeed dáhùn láìgbójú sókè. "Èmi ni màá kọ́kọ́ dé."

3.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ajegunle, lẹ́bàá odò, lẹ́yìn Owódé Onírin, ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n Mojeed, Bọ̀dá Shittu, tẹ̀ lé e lọ wòran. Mojeed ti sọ fún gbogbo ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ife-ẹ̀yẹ ń bọ̀ wálé.

Wọ́n fọn fèrè. Mojeed fò jáde bí ọfà. Ẹ̀yìn ẹlòmíì ló tẹ̀ lé tó fi rí àsìá àkọ́kọ́, ló bá ya onítọ̀hún sílẹ̀. Àṣé máàpù ló dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀! Odò tó yẹ kó wà lósì rẹ̀, ọ̀tún ló wà. Ó rìn, ó rìn, ẹrẹ̀ àti eèsún ló ń bá pàdé.

Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew, bàbá kan tó wọ dígí ojú, tóun náà wà nínú ìdíje, ń rìn jẹ́jẹ́ bọ̀. "Àbúrò, ṣé kò sí wàhálà? Ṣé kí n fi ibi tó o wà hàn ẹ́?"

"Ó yé mi, sà."

Irọ́ ni. Kò yé e rárá.

Kò pẹ́, ó gbọ́ àtẹ́wọ́ àwọn tó ti padà dé. Ìtìjú mú un. Kí ló fẹ́ lọ sọ níbẹ̀? Ó rí ọ̀nà tóóró kan tó já sí títì, ó yọ́ gba ibẹ̀ lọ. Ó délé, ó pa fóònù, ó sùn.

Òjò sì dé.

4.

Igbe Faridah, ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé, ló jí i.

"Dádì Labeebah! Ẹ̀yin rèé?" Faridah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n ní omi ti gbé yín lọ! Bọ̀dá Shittu ti wọnú irà láti wá yín, kò sẹ́ni tó tíì rí Bọ̀dá náà!"

Bí Mojeed ṣe dé Ajegunle, kò mọ̀. Omi ti kún, ó ti bo ibi tó ti sáré láàárọ̀. Nígbà tí Aunty Adédiwúrà rí i, ó gbá àyà mú. Àwọn apẹja ti gbé ọkọ̀ ojú omi jáde. Mojeed ń kígbe, "Bọ̀dá mi o! Bọ̀dá mi!" Kò sí ìdáhùn. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ kan yọ láàárín eèsún. Shittu nà gbalaja sínú rẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó látòkè délẹ̀. Mojeed sáré wọnú omi lọ pàdé rẹ̀.

Ni Shittu bá wúkọ́. Ó la ojú.

"Mojeed nìyẹn, àbí ojú mi ló ń ṣe mí?"

"Èmi ni, Bọ̀dá mi. Ẹ dárí jì mí."

"Alhamdulillah," Shittu wí. Omijé ń fọ ẹrẹ̀ ojú rẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

Ìbéèrè yẹn ló fọ́ Mojeed pátápátá. Ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ tuntun. Àwọn tó yí wọn ká ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

5.

Wọ́n rán ẹsẹ̀ Shittu tí ìgò gé, ó sì ti san. Ẹgbẹ́ ní kí Mojeed má bá wọn díje fúngbà díẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Kò jiyàn.

"Gbogbo wa la ti sọnù rí," Aunty Adédiwúrà sọ fún un. "Sísọnù kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Bó o ṣe lọ sílé láìsọ fún wa lẹ̀ṣẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ikú ta ni? Mojeed sá fún ẹ̀sín, ẹlòmíì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a kú ikú náà. Bí ohun tẹ́ ẹ dáwọ́ lé kò bá já sí bó ṣe yẹ, ẹ jáde síta, kí àwọn tó fẹ́ràn yín rí yín. Bí ẹnìkan bá ní kóun fi ọ̀nà hàn yín, ẹ má sọ pé ó yé yín nígbà tí kò yé yín.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.