Tọ́ọ̀ṣì Lésà Tí Oríyọmí Gbé Wọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ má ka orí rẹ̀ kí ẹ fò ó kọjá o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin tí irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n yín tí ẹ ṣì ń ra ohun ìṣeré.

1.
Oríyọmí ń gbé ní ẹ̀sítéètì kan ní Itamaga, Ìkòròdú, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó. Ẹni ogójì ọdún! Ẹ wá mọ ohun tó ń fi gbogbo Sátidé ṣe? Tọ́ọ̀ṣì lésà. Ó ní ibì kan nídìí tí wọ́n ń yí bí ẹni yí fólúùmù rédíò. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, iná lásán ni. Bí wọ́n bá yí i dé òkè, ó ń ṣáná sí ìṣáná, ó ń jó ọ̀rá dúdú láti òkèèrè. Oríyọmí á jó ọ̀rá, á ya fídíò rẹ̀, á gbé e sórí ayélujára, àwọn tí kò níṣẹ́ méjì á sì máa yìn ín.

Wọ́n fi awò tó ń dáàbò bo ojú kún un nígbà tó rà á. Ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó ní kì í jẹ́ kí ojú òun hàn nínú fídíò. Ojú wo? Ẹ jẹ́ n má sọ̀rọ̀.

2.
Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Mùnírátù ìyàwó rẹ̀. Apẹja ọ̀sà ni bàbá rẹ̀, Bàbá Bísíríyù. Ojú òsì Bàbá ti fọ́ tipẹ́, ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń wa ọkọ̀, òun náà ló fi ń tún àwọ̀n ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ kí i, Mùnírátù rí lésà nínú báàgì ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Waliyah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan yìí sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo ló kù fún Bàbá mi."

"Ṣé ojú Bàbá ni mo fẹ́ tàn án sí ni? Ìwọ àti ìbẹ̀rù! Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá amòye!

3.
Bí wọ́n ṣe dé Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án, ó kó gbogbo ilé jọ sí àgbàlá, ó fi ọ̀rá dúdú kọ́ okùn aṣọ, ó sì yí lésà dé òpin.

Rodiat, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ò ṣe dín in kù?"

"Bí mo bá dín in kù, kí lo fẹ́ wò?"

Ọ̀rá yọ́, wọ́n hó yèè, orí àgbàyà wú. Àsìkò yẹn gan-an ni Bàbá Bísíríyù wọlé láti ẹ̀bá ọ̀sà.

Bàbá ní, "Àna mi, ẹ káàbọ̀ o!"

Oríyọmí fẹ́ kí gbogbo ilé rí i pé àna tó lẹ́kọ̀ọ́ lòun. Kò pa iná, kò gbé e sílẹ̀. Ó na gbalaja sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti lésà lọ́wọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Iná náà gbéra láti ilẹ̀, ó wọ ojú ọ̀tún arúgbó.

"Yéè! Ojú mi o! Mùnírátù, ojú mi!"

4.
Dókítà ní iná ti jó ẹ̀yìn ẹyinjú Bàbá, kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ. Oríyọmí ń sunkún ní ọsibítù: "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ta ló bi í?

Mùnírátù kò padà sí Itamaga. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Oríyọmí wá bẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú Bàbá.

Bàbá gbórí sókè. "Mùnírátù, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀?"

Mùnírátù wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ títí.

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

Ẹ̀yin olólùfẹ́ lésà, ẹ gbọ́ o! Wọn kì í ta ojú lọ́jà. Ẹ lo awò yín, ẹ yí agbára rẹ̀ wálẹ̀, bí èèyàn bá wọlé, ẹ pa á kí ẹ tó kí i. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àgbàyà tó wà nínú ẹbí yín, ó dájú pé ẹ ní ọ̀kan. Àṣejù, baba àṣetẹ́.